Fìtílà Ọkọ̀ Tí Ń Tan Ara Rẹ̀

Ní ọ̀sẹ̀ yìí, ọ̀rọ̀ ọkọ̀ àti òkùnkùn ni a fẹ́ bá yín sọ.

Gẹ́gẹ́ bí púpọ̀ nínú yín ti mọ̀, Àbẹ̀rẹ̀ ni ọ́fíìsì ìjọba Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun wà, lẹ́bàá títì ńlá tí ó ti Gbọ̀ngán wá, tí ó gba ìhà Ẹdẹ kọjá, tí ó sì wọ Òṣogbo. Láti ìlú púpọ̀ ni àwọn òṣìṣẹ́ ti ń wá síbẹ̀ ní òwúrọ̀, àti ti Òṣogbo, àti ti Ẹdẹ, títí kan àwọn ará Iléṣà, tí wọn a sì padà sílé ní ìrọ̀lẹ́. Bí ènìyàn bá dúró ní ẹ̀bá títì yìí nígbà tí oòrùn ń wọ̀, yóò rí ohun kan tí àwọn baba ńlá wa kò rí rí. Yóò rí ọkọ̀ tí fìtílà iwájú rẹ̀ ṣàdédé tàn, láìjẹ́ pé awakọ̀ fi ọwọ́ kan ohunkóhun. Àwọn ọmọdé a máa bi àwọn òbí wọn pé, "Ta ni ó tan án?" Ìbéèrè rere ni. A ó gbìyànjú láti dáhùn rẹ̀, kí a sì fi ìkìlọ̀ kan tì í lẹ́yìn, nítorí pé ọ̀pọ̀ ènìyàn ti fi gbogbo ọkàn tẹ ohun tí ń tan ara rẹ̀ yìí, bẹ́ẹ̀ ni kì í ṣe gbogbo òkùnkùn ni ó mọ̀.

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ rántí bí ilẹ̀ ṣe ń ṣú ní ọ̀dọ̀ wa. Ní Òṣogbo àti ní gbogbo ilẹ̀ Ìjẹ̀ṣà, oòrùn kì í pẹ́ dágbére. Láàárín nǹkan bí aago mẹ́fà kọjá ogún ìṣẹ́jú àti aago méje ni ó ń wọ̀ jálẹ̀ ọdún, bí ó bá sì ti wọ̀, kò ju bí ìṣẹ́jú 25 lọ tí ojú ọ̀nà yóò fi di dúdú. Kò rí bẹ́ẹ̀ ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ní oṣù kẹfà ọdún, ìmọ́lẹ̀ àṣálẹ́ a máa fà gùn níbẹ̀ tó ìṣẹ́jú 45 kí ó tó di pé ènìyàn nílò fìtílà. Awakọ̀ tí ó bá kúrò ní Àbẹ̀rẹ̀ nígbà tí ojú ṣì mọ́ lè wà nínú òkùnkùn kí ó tó dé ẹnu ọ̀nà ilé rẹ̀. Bí ó bá ń ro ìṣòro ibi iṣẹ́, tàbí tí ó ń bá ará ọkọ̀ sọ̀rọ̀, ó lè gbàgbé láti tan iná. Ìgbàgbé yìí gan-an ni àwọn tí ó ṣe fìtílà tí ń tan ara rẹ̀ ń fẹ́ wo sàn.

Iṣẹ́ náà kò bẹ̀rẹ̀ lónìí. Àwọn ọkọ̀ ìṣáájú lo fìtílà kábáìdì, irú èyí tí àwọn ọdẹ wa máa ń dè mọ́ orí wọ inú igbó, tí omi ń kán sórí òkúta kábáìdì, tí gáàsì sì ń jáde láti inú rẹ̀ láti jó. Awakọ̀ ní láti sọ̀kalẹ̀ fi ìṣáná tan án. Ní ọdún 1912, ọkọ̀ Cadillac ti ilẹ̀ Amẹ́ríkà jáde pẹ̀lú iná ẹ̀lẹ́kítíríìkì, awakọ̀ sì lè tan fìtílà rẹ̀ láti orí ìjókòó. Ní ọdún 1952, iléeṣẹ́ General Motors fi ojú kékeré kan sórí dáṣíbọ́ọ̀dù àwọn ọkọ̀ Cadillac àti Oldsmobile kan, tí wọ́n pè ní Autronic Eye. Iṣẹ́ rẹ̀ ni pé bí ó bá rí iná ọkọ̀ tí ń bọ̀ lókèèrè, yóò rẹ iná tirẹ̀ sílẹ̀ kí ó má baà fọ́ ẹni tí ń bọ̀ lójú. Láàárín àwọn ọdún 1960, iléeṣẹ́ yìí kan náà mú èkejì jáde, tí í ṣe Twilight Sentinel, èyí tí ń tan fìtílà fúnra rẹ̀ bí ilẹ̀ bá ti ń ṣú, tí ó sì ń jẹ́ kí ó tàn fún ìgbà díẹ̀ lẹ́yìn tí a bá ti pa ọkọ̀, kí onílé lè rí ọ̀nà dé ẹnu ìlẹ̀kùn. Ohun tí í ṣe fàájì ọlọ́rọ̀ nígbà náà ti wà nísinsìnyí nínú púpọ̀ nínú àwọn tòkunbọ̀ tí ń ti èbúté Èkó wọ ìgboro wa.

Ṣùgbọ́n báwo ni irin àti gíláàsì ṣe mọ̀ pé ilẹ̀ ti ṣú? Ìdáhùn rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ láti ọdún 1873. Onímọ̀ ẹ̀rọ kan ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, Willoughby Smith, ń dán wáyà tẹligíráàfù wò, tí a ń tẹ́ sí ìsàlẹ̀ òkun. Ó lo ọ̀pá ohun kan tí à ń pè ní selenium fún iṣẹ́ náà, nítorí pé ó máa ń dí iná ẹ̀lẹ́kítíríìkì lọ́nà púpọ̀. Sí ìyàlẹ́nu rẹ̀, ìdíwọ́ náà kò dúró sí ojú kan. Nígbà tí ìmọ́lẹ̀ bá tàn sí ọ̀pá náà, iná a máa gba inú rẹ̀ kọjá dáadáa. Nígbà tí òkùnkùn bá bò ó, iná a há. Bí a bá fi ọjà wé e, ó dà bí ẹnubodè tí ó ń ṣí sílẹ̀ gbayawu ní ọ̀sán, tí ó sì ń há ní alẹ́ tó bẹ́ẹ̀ tí ènìyàn díẹ̀ ni ó lè gbà á kọjá. Ẹni tí ó bá jókòó sínú ọjà, tí kò tilẹ̀ rí ojú ọ̀run, lè mọ̀ bóyá ọ̀sán ni tàbí òru nípa kíka iye ènìyàn tí ń wọlé.

Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni ojú tí ó wà nínú ọkọ̀ òde òní ń ṣiṣẹ́, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé silicon ni a fi ń ṣe púpọ̀ nínú wọn báyìí. Ẹ lè rí i lórí dáṣíbọ́ọ̀dù, nítòsí ìdí gíláàsì iwájú, bí ìlẹ̀kẹ̀ dúdú kékeré tí ó yọrí. Nínú àwọn ọkọ̀ mìíràn, ó fara pamọ́ sẹ́yìn díńgí tí awakọ̀ fi ń wo ẹ̀yìn. Ìmọ́lẹ̀ ọjọ́ ń bọ́ sí ojú yìí láti inú gíláàsì, ó sì ń yí iye iná tí ń ṣàn láti inú rẹ̀ padà. Kọ̀ǹpútà kékeré kan ń wo ìṣàn náà láìsinmi, ó sì ń fi í wé ìwọ̀n tí a ti kọ́ ọ. Bí ó bá rẹlẹ̀ ju ìwọ̀n náà lọ, kọ̀ǹpútà a ránṣẹ́ sí súwíìṣì kan tí kò nílò ọwọ́ ènìyàn, èyí tí àwọn riwáyà wa ń pè ní réléè. Réléè a so iná bátìrì pọ̀ mọ́ fìtílà iwájú, àwọn iná pupa ẹ̀yìn àti iná nọ́mbà ọkọ̀, gbogbo wọn a sì tàn lẹ́ẹ̀kan náà. Kí èyí tó lè ṣẹlẹ̀, awakọ̀ ní láti ti gbé súwíìṣì iná rẹ̀ sí ibi tí a kọ AUTO sí. Bí ó bá wà níbòmíràn, ojú náà lè máa ríran, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tí yóò gbọ́ ọ̀rọ̀ rẹ̀.

Àwọn onímọ̀ ní ìwọ̀n tí wọ́n fi ń wọn ìmọ́lẹ̀ tí ó bọ́ sí ojú ohun kan, orúkọ rẹ̀ sì ni lux. Oòrùn ọ̀sán gangan a máa fún wa ní nǹkan bí 100,000. Ìyẹ̀wù ọ́fíìsì tí iná rẹ̀ dára, bí 500. Òṣùpá àrànmọ́jú kò tilẹ̀ tó 1. Nínú ìlànà kejìdínláàádọ́ta tí Àjọ Ìparapọ̀ Orílẹ̀-Èdè Àgbáyé gbé kalẹ̀ lórí iná ọkọ̀, a là á sílẹ̀ pé bí ìmọ́lẹ̀ ìta bá rẹlẹ̀ ju 1,000 lọ, fìtílà tí ń tan ara rẹ̀ gbọ́dọ̀ tàn kí ìṣẹ́jú àáyá 2 tó kọjá. Bí ìmọ́lẹ̀ bá ju 7,000 lọ, kí ó kú, ṣùgbọ́n kí ó kọ́kọ́ dúró ju ìṣẹ́jú àáyá 5 lọ, kí ìdúró náà má sì ju 300 lọ. Láàárín ìwọ̀n méjèèjì, ọwọ́ ẹni tí ó ṣe ọkọ̀ ni ó wà.

Ẹ lè béèrè pé èéṣe tí ìwọ̀n ìtàn àti ìwọ̀n ìkú kò fi jẹ́ ọ̀kan. Ẹ wo ìyá rere tí ó sá aṣọ síta. Bí ẹ̀kán òjò àkọ́kọ́ bá ti bọ́, a sáré kó o wọlé. Ṣùgbọ́n bí òjò bá dá, kì í sáré kó o síta padà, a dúró kí ojú ọ̀run mọ́ dáadáa. Bí kò bá ṣe bẹ́ẹ̀, iṣẹ́ kíkó síta àti kíkó wọlé ni yóò fi gbogbo ọjọ́ ṣe. Bákan náà ni fìtílà ọkọ̀: bí ìwọ̀n rẹ̀ bá jẹ́ ọ̀kan ṣoṣo, yóò máa ṣẹ́jú ní abẹ́ gbogbo igi àti gbogbo afárá tí ọkọ̀ bá gbà kọjá.

Títí dé ìhín, ìyìn ni ó yẹ ọgbọ́n yìí. Nísinsìnyí ni a dé ibi tí ó mú wa kọ ìwé yìí. Ojú inú ọkọ̀ ń wọn ìmọ́lẹ̀. Kò mọ̀ bóyá ènìyàn ń ríran. Ohun méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni wọ̀nyí, àárín wọn sì ni ẹ̀mí ń bọ́ sí.

Ẹ rántí àkókò ọyẹ́. Afẹ́fẹ́ a máa gbé eruku láti aṣálẹ̀ Sàhárà, pàápàá láti àfonífojì Bodélé ní ilẹ̀ Chad, wá bo gbogbo ilẹ̀ wa. Ní àárọ̀ ọjọ́ bẹ́ẹ̀, òkè ilẹ̀ Ìjẹ̀ṣà a pòórá, ẹni tí ó wà lórí títì kò sì ní rí ọkọ̀ tí ń bọ̀ títí yóò fi súnmọ́ ọn. Síbẹ̀ ojú ọ̀run funfun. Eruku náà kò pa ìmọ́lẹ̀ oòrùn, ó kàn fọ́n ọn káàkiri ni. Ìmọ́lẹ̀ tí ó dé orí dáṣíbọ́ọ̀dù lè ju 7,000 lọ fíìfíì, ojú kékeré náà yóò sì jẹ́rìí pé ọ̀sán ni. Òótọ́ ni ó sọ, ọ̀sán ni. Ṣùgbọ́n ọkọ̀ náà yóò máa lọ láìní iná nínú kùrukùru. Bákan náà ni òjò ọ̀sán tí ń rọ̀ kíkankíkan. Àwọn ọkọ̀ kan wà tí a so fìtílà wọn mọ́ ohun tí ń nu òjò kúrò lójú gíláàsì, tí iná wọn a tàn bí ìnùjú náà bá ń ṣiṣẹ́. Ṣùgbọ́n púpọ̀ kò ní irú rẹ̀. Bí ọkọ̀ bá ń sá 80 kìlómítà ní wákàtí kan, mítà 22 ni ó ń rìn ní ìṣẹ́jú àáyá kọ̀ọ̀kan. Tírélà tí a rí pẹ́ fún ìṣẹ́jú àáyá méjì péré ti súnmọ́ wa ní mítà 44 kí ẹsẹ̀ tó kan bíréèkì.

Ewu kejì fara sin ju èyí lọ. Láti oṣù kejì ọdún 2011, òfin ilẹ̀ Yúróòpù pàṣẹ pé kí irú ọkọ̀ tuntun tí a bá ń ṣe máa ní iná ọ̀sán, ìyẹn iná funfun kékeré tí ń tàn níwájú nígbà gbogbo tí ọkọ̀ bá ń ṣiṣẹ́, kí àwọn ẹlòmíràn lè tètè rí i. Ohun rere ni. Ṣùgbọ́n nínú ọ̀pọ̀ ọkọ̀, iwájú nìkan ni iná ọ̀sán yìí ń tàn, ẹ̀yìn ṣókùnkùn. Awakọ̀ a rí ìmọ́lẹ̀ díẹ̀ níwájú rẹ̀, a rí i pé dáṣíbọ́ọ̀dù ń tàn, a sì rò pé gbogbo iná òun ti tàn. Ẹni tí ń tẹ̀lé e kò rí nǹkan kan. Ní ilẹ̀ Kánádà, àwọn ènìyàn sọ irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ ní orúkọ tí a lè túmọ̀ sí ọkọ̀ iwin, nítorí pé ó ń rìn lóru láìsí ẹni tí ó rí i. Ìjọba ibẹ̀ pàṣẹ pé láti oṣù kẹsàn-án ọdún 2021, ọkọ̀ tuntun gbọ́dọ̀ ṣe ọ̀kan nínú mẹ́ta: kí iná ẹ̀yìn rẹ̀ máa tàn pẹ̀lú iná ọ̀sán, tàbí kí gbogbo fìtílà rẹ̀ tan ara wọn nínú òkùnkùn, tàbí kí dáṣíbọ́ọ̀dù rẹ̀ ṣókùnkùn, kí awakọ̀ lè mọ̀ pé òun kò tíì tan iná. Àwọn tòkunbọ̀ tí a ṣe kí òfin yìí tó dé kò ní ìrànlọ́wọ́ náà dandan. Ẹni tí ó gun ọ̀kadà tẹ̀lé irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ ní títì Àbẹ̀rẹ̀ ni ó máa ń jìyà àṣìṣe náà.

Ewu kẹta, àwa fúnra wa ni a ń fi ọwọ́ wa dá a. A fẹ́ràn láti tẹ́ aṣọ onírun sórí dáṣíbọ́ọ̀dù, kí a to ìwé orin àti Bíbélì lé e, kí a sì lẹ oríṣìíríṣìí bébà mọ́ gíláàsì iwájú. Bí ọ̀kan nínú wọn bá bo ojú kékeré náà, òru ni yóò máa rò pé ó jẹ́, fìtílà a sì máa tàn láti òwúrọ̀ títí di alẹ́. A ti gbọ́ nípa onílé tí ó bínú sí èyí, tí ó ní kí riwáyà gé wáyà rẹ̀ sọnù, nígbà tí ó jẹ́ pé gbígbé aṣọ kúrò ti tó.

Ọ̀rọ̀ ojú pópó kì í ṣe àjèjì ní agbègbè yìí. Ní ọdún 1977, nígbà tí Òṣogbo àti Iléṣà ṣì wà nínú Ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́, ni ìpínlẹ̀ náà dá ẹgbẹ́ ẹ̀ṣọ́ ojú pópó tirẹ̀ sílẹ̀, Ọ̀jọ̀gbọ́n Wọlé Ṣóyínká sì jẹ́ ọ̀kan nínú àwọn tí ó ṣe agbátẹrù rẹ̀. Nígbà tí ìjọba àpapọ̀ dá ti gbogbo Nàìjíríà sílẹ̀ ní ọdún 1988, òun náà ni alága rẹ̀ àkọ́kọ́. Ṣùgbọ́n ẹ̀ṣọ́ kò lè dúró ní gbogbo oríta. Ilé ni ẹ̀ṣọ́ àkọ́kọ́.

Nítorí náà, a bẹ ẹ̀yin olórí ilé pé kí ẹ ṣe ohun mẹ́rin wọ̀nyí. Èkínní, ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan ní ọ̀sẹ̀, ẹ tan iná ọkọ̀ yín, kí ọmọ kan yí i ká, kí ó sì wí fún yín èyí tí ó tàn àti èyí tí ó kú, níwájú àti lẹ́yìn. Fìtílà tí gílóòbù rẹ̀ ti jó kò lè tan ara rẹ̀, bí ó ti wù kí ọgbọ́n ọkọ̀ náà pọ̀ tó. Èkejì, ẹ fi súwíìṣì sí AUTO, ṣùgbọ́n bí ọyẹ́, kùrukùru tàbí òjò bá dé, ẹ fi ọwọ́ ara yín tan iná, kí ẹ má dúró de ẹ̀rọ. Kí ó jẹ́ iná ìsàlẹ̀, nítorí pé iná gíga nínú kùrukùru a máa padà wá fọ́ ẹni tí ó tàn án lójú. Ẹ rẹ iná gíga sílẹ̀ pẹ̀lú nígbà tí ẹlòmíràn bá ń bọ̀ lápá kejì. Ẹ̀kẹta, ẹ wá ibi tí ojú kékeré náà wà nínú ọkọ̀ yín, ẹ máa nu gíláàsì tí ó wà níwájú rẹ̀, kí ẹ má sì fi nǹkan kan bò ó. Ẹ̀kẹrin, bí ẹ bá yá ọmọ, àbúrò tàbí awakọ̀ ní ọkọ̀, ẹ kọ́ ọ ní gbogbo èyí kí ẹ tó fi kọ́kọ́rọ́ lé e lọ́wọ́.

Ẹ̀yin ìyá, ẹ̀yin ni ẹ máa ń jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ awakọ̀ nígbà tí ẹ bá ń ti ìsìn tàbí òde bọ̀ ní àṣálẹ́. Kì í ṣe ìtọ́jú-bọ̀ láti bi í pé, "Baba wọn, ṣé iná ẹ̀yìn wa tàn?" Ọkọ tí ó gbọ́n kì yóò bínú sí ìbéèrè tí ó lè gba ẹbí rẹ̀ là.

Àwọn baba wa wí pé ojú ni alákàn fi ń ṣọ́ orí. Ọgbọ́n ènìyàn ti fún ọkọ̀ ní ojú, a sì dúpẹ́ lọ́wọ́ Ẹni tí ó fi ọgbọ́n náà fún ènìyàn. Ṣùgbọ́n ojú ọkọ̀ kò mọ ọyẹ́, kò mọ ọlọ́kadà, kò sì mọ ọmọ tí ń sáré gba títì kọjá. Nínú òwe àwọn wúńdíá mẹ́wàá tí Olúwa wa pa, gbogbo wọn ni ó ní fìtílà; àwọn tí ó múra sílẹ̀ nìkan ni fìtílà wọn ṣe ní àǹfààní nígbà tí wákàtí náà dé. Kí Olúwa mú gbogbo àwọn tí ń rin títì Àbẹ̀rẹ̀, ti Iléṣà àti ti ibi gbogbo dé ilé wọn ní àlàáfíà. Ó di ọ̀sẹ̀ tí ń bọ̀.